Ọwọ́ Àlejò Nínú Ìkòkò Onílé: Láti Òkè-Òyì Dé Ilẹ̀ Húngárì



Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko bàbá ẹni kankan tó tó ti bàbá òun. Òwe yìí ń bá ẹni tó rò pé àṣà tirẹ̀ nìkan ni àṣà wí. Ó sì tún ń bá ẹlòmíràn wí pẹ̀lú, ìyẹn ẹni tó dé oko olóko, tó yin oko náà títí, tó wá gbàgbé ohun tí bàbá tirẹ̀ gbìn.

Kókó ọ̀rọ̀ alẹ́ òní ni bí àlejò ṣe ń rí àṣà, oúnjẹ àti ìṣe ilẹ̀ onílẹ̀. Ilẹ̀ Húngárì, ní àárín gbùngbùn Yúróòpù, ni ọ̀rọ̀ náà yóò fi ṣe àpẹẹrẹ. Ibi tí yóò sì ti gbéra ni Òkè-Òyì, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìlọrin ní Ìpínlẹ̀ Kwara.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ó pa Òkè-Òyì àti Húngárì pọ̀. Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà. Ní ọdún 2013 ni ìjọba Húngárì dá ètò ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Stipendium Hungaricum, Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ọmọ wọn ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Àwọn ọmọ Nàìjíríà mìíràn ń fi owó òbí wọn kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Debrecen. Orúkọ Yorùbá tilẹ̀ ti dé pápá ìṣeré wọn: Thomas Sowunmi, tí wọ́n bí ní Èkó ní 1978, gbá bọ́ọ̀lù fún Ferencváros ní Budapest àti fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè Húngárì. Nítorí náà, ọ̀dọ́ tó wà ní Òkè-Òyì lónìí lè bá ara rẹ̀ ní etí odò Danube kí ọdún tó yí po. Kí ni yóò rí níbẹ̀? Kí ni yóò sì sọ nígbà tí àwọn onílé bá bi í pé, “Ẹ̀yin ńkọ́, kí ni ẹ ń jẹ nílé yín, ta ní sì kọ́ yín?” Ìbéèrè kejì yìí ni ó le jù.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọ́kọ́ dúró nílé díẹ̀.

Lójú ọ̀nà tó ti Ìlọrin lọ sí Jẹ́bà ni Òkè-Òyì wà. Yorùbá ń dáko ní àgbègbè náà. Nínú pápá tó yí oko ká, àwọn Fúlàní darandaran ní ibùdó tí wọ́n ń pè ní gáà. Ọ̀rọ̀ náà ti wọ inú orúkọ àdúgbò ní Ìlọrin, gẹ́gẹ́ bí Gáà Àkàǹbí ti fi hàn. Láti inú gáà ni wàrà ti ń wá. Obìnrin Fúlàní yóò gbé wàrà olómi ka iná tí kò le, yóò gún ewé bọ̀mùbọ̀mù, yóò fún omi rẹ̀ sí i, yóò sì máa ṣọ́ ọ. Oje ewé náà ni yóò mú kí wàrà dì. Bí ó bá ti yapa kúrò lára omi rẹ̀, yóò kó o sínú apẹ̀rẹ̀ kéékèèké kí omi lè ro kúrò, kí wàrà sì gba ìrísí apẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé igbá rẹ̀ rù, ó di ọjà. Onílé yóò rà á, yóò dín in nínú epo, yóò sì fi ata jẹ ẹ́, tàbí kí ó sè é mọ́ ọbẹ̀.

Ta ni ó wá ni oúnjẹ yìí? Fúlàní ni ó ni màlúù, ilẹ̀ onílé ni ó hu ewé, ìkòkò Yorùbá ni ó sì ni ata. Ìlọrin gbà á, ó sọ ọ́ di tirẹ̀, títí tí àwọn ará ìlú mìíràn fi ń fi wàrà dá Ìlọrin mọ̀.

Èyí kò yani lẹ́nu, nítorí ìlú tí ọwọ́ púpọ̀ kọ́ ni Ìlọrin. Ìtàn sọ pé òkúta tí wọ́n fi ń lọ irin ni ó fún un lórúkọ. Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ilẹ̀ Ọ̀yọ́, fi ibẹ̀ ṣe ibùdó. Àlímì, àlùfáà Fúlàní, wá bá a níbẹ̀. Àwọn Haúsá, Nupé àti Ìbàrìbá náà sì wá ṣe ibùgbé. Ogun àti ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìtàn náà, kò sí ẹni tó lè sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n nínú ìkòkò, ìjà ti parí tipẹ́.

Pẹ̀lú èyí lọ́kàn, kí àlejò máa ká ẹrù rẹ̀ lọ sí Húngárì.

Magyar ni àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ń pe ara wọn. Ní nǹkan bí ọdún 895 ni àwọn baba ńlá wọn gun ẹṣin láti ìhà ìlà-oòrùn wọ ilẹ̀ tí wọ́n ń gbé títí di òní. Iye àwọn tó wà nílé kò tó mílíọ̀nù 10. Èdè wọn kò bá ti Jámánì tan, kò sì bá ti àwọn aládùúgbò wọn yòókù tan. Àwọn ìbátan rẹ̀ tí ayé mọ̀ jù ní Yúróòpù ni èdè Finland àti ti Estonia, wọn kò sì gbọ́ ara wọn mọ́ láti ayébáyé.

Àwọn àgbà ní àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Ohun tí ọmọ Yorùbá yóò kọ́kọ́ rí ni òtútù, yìnyín, àti èdè tí etí rẹ̀ kò gbà. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní sùúrù, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohun tó mọ̀. Gẹ̀ẹ́sì a máa ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí kò sí nítòsí. Magyar kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ő ni ọkùnrin, ő náà ni obìnrin, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ti ń sọ pé “ó lọ”, yálà bàbá ni tàbí ìyá. Magyar a máa ya ẹ̀gbọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára àbúrò: bátya ni ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, öcs ni àbúrò ọkùnrin, nővér ni ẹ̀gbọ́n obìnrin, húg ni àbúrò obìnrin. Orúkọ ìdílé ní ń ṣáájú orúkọ ẹni lẹ́nu wọn, nítorí ìdílé ti wà kí ẹni tó dé.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ náà ńkọ́? Ọmọdé kì í pe àgbàlagbà lórúkọ lásán. Yóò fi bácsi kún orúkọ ọkùnrin, yóò fi néni kún ti obìnrin. Ìwọ àti ẹ̀yin wà nínú èdè wọn, ẹni tó bá sì fi ìwọ bá àgbà tí kò mọ̀ rí sọ̀rọ̀, wọn yóò ní kò gba ẹ̀kọ́ ilé. Ọmọ kékeré a máa kí ìyá àgbà pé Csókolom. Gbólóhùn tí wọ́n gé kúrú ni, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọmọ náà fi ẹnu ko ọwọ́ àgbà. Ẹni tí wọ́n kọ́ láti kúnlẹ̀ tàbí láti dọ̀bálẹ̀ ní Òkè-Òyì kò ní ṣe àjèjì níwájú irú ìkíni bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi ìdáná ni ìyanu tó tóbi jù wà. Yorùbá ní ẹ̀mí tí kò bá jẹ ata, ẹ̀mí yẹpẹrẹ ni. Àlejò tí wọ́n ti sọ fún pé òyìnbó kì í jẹ ata yóò dé Szeged tàbí Kalocsa ní gúúsù Húngárì, yóò sì rí ata pupa tí wọ́n fi okùn sín bí ìlẹ̀kẹ̀, tí wọ́n so kọ́ ara ògiri ilé kí ó lè gbẹ. Ní nǹkan bí oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n ń ká a. Bí ó bá gbẹ tán, wọn yóò lọ̀ ọ́ kúnná. Paprika ni orúkọ rẹ̀. Òmíràn kì í ta rárá, àwọ̀ àti òórùn dídùn ni ó ń fún ọbẹ̀. Òmíràn a sì máa ta títí tí omi yóò fi dà lójú.

Báwo ni ata ṣe dé ọ̀dọ̀ Magyar? Bí ó ti dé ọ̀dọ̀ Yorùbá ni: ọwọ́ àlejò ni ó gbé e dé. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ata ti ṣẹ̀ wá. Kí Columbus tó rin ìrìn-àjò rẹ̀ ní 1492, kò sí ata rodo, kò sí ṣọ̀ǹbọ̀, kò sì sí tàtàṣé ní ilẹ̀ Yorùbá. Ataare àti iyèré ni ó ń ta nínú ọbẹ̀ àwọn baba ńlá. Àwọn Potogí tó ń fi ọkọ̀ òkun ṣòwò wà lára àwọn tó gbé ata tuntun náà dé etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní ti Magyar, ìgbà àwọn Tọ́kì ni. Ní 1526 ni ogun Tọ́kì ṣẹ́gun wọn ní Mohács. Ní 1541 ni ìlú Buda bọ́ sọ́wọ́ Tọ́kì, ó sì di 1686 kí wọ́n tó gbà á padà. Ní àsìkò náà ni ata wọ ọgbà Magyar, “ata Tọ́kì” sì ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè é. Tọ́kì kó ẹrù rẹ̀ lọ, ata kò bá a lọ.

Ìtàn ata náà kò tán síbẹ̀. Lẹ́yìn 1930, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì Szeged, Szent-Györgyi Albert, ń wá èròjà tó ń dènà àrùn tó máa ń mú kí èrìgì àwọn atukọ̀ ṣẹ̀jẹ̀, kí eyín wọn sì máa yọ. Èròjà náà ṣọ̀wọ́n, díẹ̀díẹ̀ ni ó ń rí i. Òun fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé ní alẹ́ ọjọ́ kan ìyàwó òun gbé ata tútù síwájú òun, kò wu òun jẹ, òun sì rántí pé òun kò tíì yẹ ata wò rí. Ni òun bá gbé e lọ sí yàrá ìwádìí. Ata náà kún fún èròjà ọ̀hún, tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí sí fítámì C. Ní 1937 ni wọ́n fún un ní Ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ìṣègùn, iṣẹ́ yìí sì wà lára ohun tí wọ́n torí rẹ̀ fún un. Ohun tí àlejò gbé wá, tí àgbẹ̀ sọ di tirẹ̀, ni ó gbé orúkọ Szeged dé òpin ayé.

Bí ata bá jẹ́ ti àlejò, ìkòkò tí wọ́n ń sè é sí jẹ́ ti darandaran. Gulya ni agbo màlúù, gulyás ni ẹni tó ń dà á. Lórí pápá Hortobágy ní ìlà-oòrùn Húngárì, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ lọ salalu, àwọn màlúù aláwọ̀ eérú oníwo gígùn ń jẹko. Àlejò láti Òkè-Òyì lè dúró wò wọ́n kí ó rántí màlúù funfun àwọn Fúlàní. Inú ìkòkò irin tí wọ́n gbé kọ́ sókè iná, tí wọ́n ń pè ní bogrács, ni darandaran ń se ẹran, àlùbọ́sà àti ata sí. Orúkọ rẹ̀ náà ni oúnjẹ ọ̀hún ń jẹ́: gulyás. Ọbẹ̀ olómi ni nílé rẹ̀. Èyí tó ki, tí àwọn ilé oúnjẹ òkèèrè ń pè lórúkọ yìí, pörkölt ni Magyar ń pè é.

Nígbà kan, oúnjẹ inú pápá lásán ni, àwọn ìjòyè kì í gbé e síwájú àlejò. Ṣùgbọ́n ní 1784, Joseph Kejì tó ń jọba lé wọn lórí láti Vienna pàṣẹ pé èdè Jámánì ni kí wọ́n máa fi ṣe iṣẹ́ ìjọba ní Húngárì. Ọkàn àwọn ìjòyè gbọgbẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí yóò fi hàn pé Magyar ni àwọn: wọ́n padà sídìí èdè wọn, wọ́n padà sídìí aṣọ wọn, wọ́n sì gbé ìkòkò darandaran wọ ilé. Ẹni tí wọ́n ti ń fojú kéré ni ó bá wọn tọ́jú ohun tí wọ́n wá fi ń yangàn.

Ìwà ni ẹwà àlejò. Kí ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà bí àwọn onílé bá ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá mú òdòdó lọ fún ìyá ilé, kí iye rẹ̀ jẹ́ èyí tí kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba, nítorí èyí tó ṣeé pín, ti ìsìnkú ni. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan oúnjẹ, wọn yóò wí fún ara wọn pé Jó étvágyat, bí ẹní ń ṣàdúrà pé kí oúnjẹ wù wọ́n jẹ. Kí àlejò dá wọn lóhùn. Mùsùlùmí láti Ìlọrin ní láti mọ̀ pé ẹlẹ́dẹ̀ kò jìnnà sí ìdáná Magyar. Nígbà òtútù ni ìdílé ń pé jọ pa á, ọ̀pọ̀ sì ń fi ọ̀rá rẹ̀ se ọbẹ̀ adìẹ pàápàá. Kí ó tètè béèrè, kí ó sì béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni pálinka, ọtí líle tí wọ́n ń fi èso ṣe, tí onílé fi ń kí àlejò káàbọ̀. Ẹni tí kò mu ún kò ṣẹ̀, bí ó bá ti dúpẹ́ kí ó tó kọ̀. Halászlé wà fún un, ọbẹ̀ ẹja pupa fòò tí wọ́n ń sè ní etí odò Tisza àti Danube. Lángos wà, ìyẹ̀fun pípò tí wọ́n dín bí ẹní dín àkàrà òyìnbó. Túró sì wà, tí í ṣe wàrà dídì. Bí ọmọ Òkè-Òyì bá tọ́ ọ wò, kò nílò ògbifọ̀.

Àṣà wọn kò mọ sí ìdáná. Ní Mohács kan náà tí ogun ti ṣẹ́ wọn, ní ọdọọdún, bí òtútù bá ń lọ sópin, àwọn ọkùnrin yóò wọ awọ àgùntàn, wọn yóò gbé ìbòjú igi oníwo sójú, wọn yóò sì máa pariwo káàkiri ìlú láti lé òtútù lọ. Busó ni wọ́n ń pè wọ́n. Ọmọ Yorùbá tó bá rí wọn yóò rántí eégún, ṣùgbọ́n kí ó má yára pè wọ́n bẹ́ẹ̀, nítorí busó kì í ṣe ará ọ̀run. Gbígbẹ́ ìbòjú náà ni ó sún mọ́ ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ní 2009 ni àjọ UNESCO kọ orúkọ busó sínú ìwé àṣà àjogúnbá. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti gba irú ìyìn bẹ́ẹ̀ láti 2001.

Ohun tó yẹ kí àlejò wò jù ni bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àṣà náà. Láti nǹkan bí ọdún 1905 ni Bartók Béla àti Kodály Zoltán ti ń gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ káàkiri abúlé, tí wọ́n ń gba orin àwọn àgbẹ̀ sílẹ̀. Akin Euba, olórin tí wọ́n bí ní Èkó ní 1935, tó sì kú ní 2020, tọ́ka sí Bartók gẹ́gẹ́ bí aṣáájú nínú irú iṣẹ́ tí òun náà ń ṣe: kí olórin jókòó ti orin ìbílẹ̀, kí ó mọ̀ ọ́n tinú-tòde, kí ó tó fi dá orin tuntun. Ní 1972, àwọn ọ̀dọ́ Budapest bẹ̀rẹ̀ ilé ijó tí wọ́n ń pè ní táncház, níbi tí ọmọ ìlú ńlá ti ń kọ́ ijó abúlé. Ní 2012, ilé aṣòfin wọn ṣe òfin lórí ohun tí wọ́n pè ní Hungarikum, kí ohun tó jẹ́ ògo ilẹ̀ wọn lè ní àkọsílẹ̀. Ata Szeged àti ti Kalocsa wà nínú àkọsílẹ̀ náà. Ẹ rántí pé ata Tọ́kì ni ní àtètèkọ́ṣe.

Nísinsìnyí, kí ọ̀rọ̀ padà sí Òkè-Òyì, kí ó sì yí padà: ká ní ọmọ Magyar ni ó wá ṣe àlejò. Kò sí ohun tí kò ní rí. Àmàlà wà, gbẹ̀gìrì wà, tùwó wà. Bí wọ́n bá mú un wọ inú Ìlọrin, yóò rí aṣọ òkè lórí òfì, yóò rí ìkòkò amọ̀ ní Òkèlélé, yóò gbọ́ dàdàkúàdà, orin tí Ọdọ́láyé Àrẹ̀mú fi di ẹni mímọ̀ kí ó tó kú ní 1997. Wọn yóò gbé wàrà síwájú rẹ̀, yóò jẹ ẹ́, yóò sì béèrè pé, “Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?” Ta ni yóò dá a lóhùn? Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ mọ adùn rẹ̀, wọn kò mọ ewé rẹ̀. Wọ́n mọ igbá tí wọ́n fi ń kiri rẹ̀, wọn kò mọ orúkọ obìnrin tó gbé igbá náà.

Ibẹ̀ ni ewu wà, ewu náà sì ju ti oúnjẹ lọ. Ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ àti darandaran ti di ohun tó ń kó àwọn ènìyàn lóminú káàkiri Nàìjíríà. Oko bàjẹ́, màlúù kú, ẹ̀mí ṣòfò. Àgbẹ̀ tí wọ́n fi màlúù jẹ oko rẹ̀ ní ẹjọ́ láti rò, ìdájọ́ òdodo sì tọ́ sí i. Wàrà kò lè san owó iṣu. Darandaran tí kò ṣẹ̀, tí wọ́n ń fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn lé kúrò nílẹ̀ tí wọ́n bí i sí, náà ní ẹjọ́ láti rò. Ilé ẹjọ́ àti ìjọba ni yóò dá ẹjọ́ wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n kí àwọn méjèèjì tó dé iwájú adájọ́, ó yẹ kí olúkúlùkù mọ ohun tó wà nínú abọ́ tó wà níwájú rẹ̀. Bí gáà bá tú, wàrà yóò tú. Bí oko bá tú, ta ni yóò ra wàrà, kí ni Fúlàní yóò sì fi owó rẹ̀ rà jẹ?

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ kò ju agbára ará Òkè-Òyì lọ. Olùkọ́ lè ní kí àwọn ọmọ ilé-ìwé mú ìwé àti gègé lọ bá ìyá oníwàrà, pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ ewé sílẹ̀, kí wọ́n kọ bí iná ṣe gbọ́dọ̀ rí, kí wọ́n sì kọ orúkọ ìyá náà pẹ̀lú, bí ó bá gbà fún wọn. Ọmọ Fúlàní lè bá wọn lọ sí oko kí ó wo bí wọ́n ṣe ń kọ ebè. Ọmọ tó bá ti ṣe èyí lè lọ sí Debrecen láìfòyà. Bí wọ́n bá gbé gulyás síwájú rẹ̀, yóò mọ̀ pé ìtàn darandaran kan ni òun ń jẹ. Bí wọ́n bá sì bi í léèrè ohun tí wọ́n ń jẹ nílé rẹ̀, yóò ní ohun tí yóò sọ, yóò sì mọ ẹni tí yóò yìn.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Bẹ́ẹ̀ ni onílé àti àlejò rí sí ara wọn. Magyar kò bẹ̀rù láti sọ pé Tọ́kì ni ó gbé ata wá. Ìlọrin kò gbọ́dọ̀ tijú láti dárúkọ ẹni tó kọ́ ọ ní wàrà.